Bí Bádéjọ Ṣe Yá Ọkọ fún Àwọn Aboyún

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ bí ènìyàn ṣe ń wú láìjẹun, kí ó wá bi wá léèrè ní Kaduna níbí, kí ó ní ká sọ ti Dókítà Gbọ́láhàn Bádéjọ fún òun. Dókítà tí mo pè é yẹn, ẹ má rò pé ó mọ abẹ́rẹ́ gún o. Yunifásítì kan tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò mọ ọ̀nà ibẹ̀ ló fi oyè náà ránṣẹ́ sí i nínú àpò ìwé, láti ọjọ́ náà ló sì ti ń sọ pé ẹni tó bá tún pe òun ní Ọ̀gbẹ́ni, kí olúwarẹ̀ lọ yẹ etí rẹ̀ wò. Kí n tó máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lọ, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Nígbà tí ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá kí i kú oríire oyè náà, ìjókòó kejì ni mo wà, mo sì pàtẹ́wọ́ títí òrùka fi bọ́ lọ́wọ́ mi. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún wa lẹ́yìn tí ojú rẹ̀ là, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mo purọ́ mọ́ ọn.

Lọ́dún 2017, Bádéjọ ni ọ̀gá àgbà ní ilé ìwòsàn aláboyún kan ní apá gúúsù Kaduna, lẹ́bàá Makera. Ẹ má bi mí léèrè orúkọ ilé ìwòsàn náà. Ọ̀rọ̀ wa kò sí lára bíríkì. Ní aago mẹ́jọ àárọ̀, bí ọkọ̀ rẹ̀ bá ti fọn fèrè, Mahmud tó ń ṣọ́ géètì á ṣí ilẹ̀kùn méjèèjì gbagada, á sì fi Hausa ké pé kí ẹ̀mí ọ̀gá gùn, "Ranka ya daɗe!" nígbà mẹ́ta. Lọ́jọ́ kan tí ọ̀fun ń dun Mahmud, tó sì ké e lẹ́ẹ̀mejì péré, Bádéjọ jókòó sínú ọkọ̀ títí ẹ̀kẹta fi jáde. Lẹ́yìn náà ni Levi, akọ̀wé rẹ̀, á gba fóònù ọ̀gá, á gbé e lé àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bí ẹni gbé ẹyin, á wá máa rìn níwájú, á máa kígbe pé, "Ìlera ń bọ̀! Ẹ dìde fún ìlera!" Aboyún tó bá lè dìde á dìde. Èyí tí kò lè dìde á na ọwọ́ sókè. Bí ọ̀gá bá sín, Levi á ní, "Ẹ ò gbọ́ bí àrùn ṣe ń sá lọ!"

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi Levi rẹ́rìn-ín, ẹ rọra. Èmi náà ti gbé àpò ọkùnrin yìí rí, láti ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn ìpàdé títí dé ìdí mọ́tò, kò sì sẹ́ni tó bẹ̀ mí.

Wọ́ọ̀dù Kẹta nínú ilé ìwòsàn náà ni ti àwọn obìnrin tí oyún wọn léwu: àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru, àwọn tí ìtọ̀ ṣúgà ń bá jà, àwọn tó gbé ìbejì tí ọ̀kan nínú wọn ti fẹ́ máa kánjú. Obìnrin mọ́kàndínlógún ló wà níbẹ̀, nọ́ọ̀sì méjì ló sì ń tọ́jú wọn lẹ́ẹ̀kan. Alákòóso wọ́ọ̀dù náà ni Sista Veronica, ọmọ Kabba, obìnrin tí kì í pariwo, tó ti ń gbẹ̀bí fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Nígbà tó rí i pé ojú nọ́ọ̀sì méjì kò lè ká mọ́kàndínlógún, ó kó àwọn àga tí wọ́n ti pa tì sí yàrá ẹ̀yìn jáde, ó ní kí káfíńtà kan ẹsẹ̀ tó ti yẹ̀ lára wọn, ó sì gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì kọ̀ọ̀kan. Ó ní kí ìdílé aboyún kọ̀ọ̀kan máa jókòó níbẹ̀, kí wọ́n máa gba ipò ara wọn. Ó wá ń kọ́ wọn. Bí orí bá ń fọ́ aboyún tí kò lọ, ẹ pè mí. Bí ó bá ní òun ń rí iná tó ń ṣẹ́jú, ẹ sáré pè mí. Bí ojú rẹ̀ bá wú, bí ọmọ kò bá tàpá mọ́ nínú, ẹ má dúró wẹsẹ̀, ẹ pè mí. Láti ìgbà náà, ikú tó máa ń yà sí wọ́ọ̀dù yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣìnà.

Bẹ́ẹ̀dì keje ni Raheemat wà. Oyún méjì ti bàjẹ́ mọ́ ọn lára rí. Ẹ̀kẹta yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ oṣù kẹjọ, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ń ru. Abdulganiyu ọkọ rẹ̀, tó ń tún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe ní àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Television, ló ń jókòó tì í láàárọ̀. Ìyá ọkọ rẹ̀, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Ìyá Rodiyah, ló ń gbà á lọ́sàn-án. Ọwọ́ Abdulganiyu ti mọ́ ẹ̀rọ, nítorí náà òun ló kọ́kọ́ mọ bí wọ́n ṣe ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru nínú gbogbo àwọn ọkọ. Ìyá Rodiyah kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó ní, "Ojú ìyàwó mi kì í purọ́ fún mi."

Ọjọ́ tí Bádéjọ kọ́kọ́ rí gbogbo èyí, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló gbá kúlà oúnjẹ Ìyá Rodiyah.

"Kí nìyí?" ó bèèrè. "Ilé ìwòsàn ni àbí gáréèjì Television?"

Ìyá Rodiyah kúnlẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, sà. Ẹ má bínú, tùwó ọmọ ni."

"Ìdílé wọn ni, sà," ni Sista Veronica wí. "Ẹni tó mọ ojú aboyún kí ó tó wú, òun ló máa kọ́kọ́ rí i nígbà tó bá wú."

Bádéjọ fi imú rẹ́rìn-ín. "Sista, láti ọjọ́ tí obìnrin bá ti gba káàdì lọ́wọ́ wa, ìjọba ni ọkọ rẹ̀. Ìjọba ni ìyá ọkọ rẹ̀. Ta wá ni ìjọba?"

"Ẹ̀yin ni, sà!" Levi dáhùn kí ẹnikẹ́ni tó ronú.

Abdulganiyu kò tilẹ̀ gbé ojú kúrò lára ẹ̀rọ tó fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ìyàwó rẹ̀. Ó ní, "Tó bá jẹ́ ìjọba ni ọkọ rẹ̀, kí ìjọba wá di ibí yìí mú, kí èmi lọ ra omi."

Raheemat bú sẹ́rìn-ín. Àwọn obìnrin yòókù fi aṣọ bo ẹnu. Bádéjọ wú títí bọ́tìnnì ọrùn rẹ̀ fi fẹ́ já, ó sì pàṣẹ pé tó bá fi máa di ọjọ́ Ajé, òun kò gbọdọ̀ rí ọkọ, ìyá, àbúrò tàbí kúlà kankan ní Wọ́ọ̀dù Kẹta.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ Ajé kò tíì dé tí lẹ́tà fi dé láti Abuja. Wọ́n ní àwọn gbọ́ pé ní ilé ìwòsàn yìí, ìdílé máa ń bá nọ́ọ̀sì tọ́jú aboyún tó wà nínú ewu, àti pé nǹkan ń dára sí i. Wọ́n ní Dókítà Ilham kan yóò wá fi ojú ara rẹ̀ rí i lọ́jọ́bọ̀ tó ń bọ̀, kí wọ́n lè mú un lọ sí àwọn ilé ìwòsàn mìíràn. Bádéjọ ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó kà á lẹ́ẹ̀kẹta, ó ti gbà pé òun ló dá ètò náà sílẹ̀. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ó ti sọ ọ́ lórúkọ: Ètò Bádéjọ fún Ìdílé Aláboyún. Ó pe gbogbo òṣìṣẹ́ jọ.

"Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ mi, ẹ̀yin ọwọ́ mi, ẹ̀yin ẹsẹ̀ mi!" ó bẹ̀rẹ̀. "Ètò ìdílé yìí, kì í ṣe àná ni mo rò ó. Láti inú ìyá mi ni mo ti ń rò ó bọ̀! Nígbà tí mo ṣì wà ní oyún oṣù mẹ́rin ni mo ti mọ̀ ọ́n lára pé kò yẹ kí aboyún dá nìkan wà. Ta ló wà pẹ̀lú ìyá mi nígbà náà? Èmi ni! Èmi ni mo wà níbẹ̀! Oṣù mẹ́sàn-án gbáko, n kò yẹsẹ̀!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Levi nu ojú. Ẹnì kan láti ẹ̀yìn ní àwọn kò tíì rí irú ọlẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí.

Sista Veronica na ọwọ́ sókè. "Ṣé àwọn ìdílé lè dúró nígbà náà, sà?"

"Ìdílé máa dúró," ni Bádéjọ wí, "ṣùgbọ́n kì í ṣe àwọn wọ̀nyí."

Àlàyé tó ṣe nìyí: àlejò láti Abuja kò lè wá rí ọkọ tí epo ẹ̀rọ dúdú lábẹ́ èékánná rẹ̀, tàbí ìyá ọkọ tó fi okùn so bàtà. Ìdílé tó ṣeé yà ní fọ́tò ni òun ń fẹ́. Kí Levi lọ sí gáréèjì ní Television, kí ó ṣa ọkùnrin mọ́kàndínlógún tí eyín wọn funfun, kí wọ́n wọ káfútáánì funfun, kí wọ́n jókòó ti àwọn aboyún, kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín. Ó tún ní kí wọ́n kó àwọn òpó irin tí wọ́n ń fi omi kọ́ fún aláìsàn lọ sí ẹnu ọ̀nà, kí wọ́n so àsíá àti òdòdó mọ́ wọn. Ó kù díẹ̀ kí ìpàdé tú ká, ó rántí ohun kan.

"Nípa ẹ̀jẹ̀ ríru," ó ní, "lọ́jọ́bọ̀, n kò fẹ́ rí ẹ̀jẹ̀ tó kọjá ọgọ́fà."

"Ẹ̀jẹ̀ kì í gba àṣẹ, sà," ni Sista Veronica wí.

"Ẹ kọ̀wé sí i!" Bádéjọ jágbe, ó sì jáde.

Ẹ̀yin ará, ẹ má bi mí pé kí ló dé tí ẹnikẹ́ni kò kọ̀. A mọ ara wa. Ẹgbẹ́ tiwa náà, ìyẹn ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá, ti ń tẹ kàlẹ́ńdà tí àwòrán rẹ̀ wà lójú ewé gbogbo oṣù méjèèjìlá. Oṣù Kejì nìkan ni a ṣi àwòrán gbé, a sì tọrọ àforíjì.

Ní aago mẹ́fà àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, wọ́n kó àwọn ìdílé jáde sábẹ́ igi dongoyárò tó wà níwájú géètì. Ìyá Rodiyah di ilẹ̀kùn wọ́ọ̀dù mú.

"Ta ló máa máa wo ojú rẹ̀?" ó bi Levi.

"Ọkọ rẹ̀ wà níbẹ̀, Màmá."

"Ọkọ wo? Ọkọ rẹ̀ rèé lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi."

"Ọkọ ti òní ni mò ń wí."

Haba! Ìyá arúgbó náà wo Levi láti orí dé ẹsẹ̀. Ó ká ẹní rẹ̀, ó jáde.

Bádéjọ ti kó Sista Veronica àti àwọn nọ́ọ̀sì tó lè kọrin sínú bọ́ọ̀sì lọ sí Gonin Gora, kí wọ́n lọ pàdé àlejò lójú ọ̀nà Abuja. Nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo, tí kò tíì pé oṣù kan níbi iṣẹ́, ló kù ní Wọ́ọ̀dù Kẹta. Láti aago mẹ́sàn-án ni wọ́n ti dúró sí òdìkejì ibi tí àwọn sójà ti ń yẹ ọkọ̀ wò. Bí jíìpù dúdú kan bá ti yọ, Bádéjọ á gbé ọwọ́ sókè, wọn á bú sórin. Wọ́n kọrin fún jíìpù mẹ́rìnlá. Èyí kẹsàn-án dúró. Ọkùnrin kan tó sanra sọ̀kalẹ̀ nínú rẹ̀, ó rò pé àwọn ará àdúgbò ló wá yẹ́ òun sí, ó gba òdòdó, ó súre fún wọn, ó sì gbé òdòdó náà lọ pátápátá. Ní ọ̀sán gangan, ohùn ti há, àtíkè ti yọ́, ọ̀kan nínú àwọn sójà náà sì wá bi Bádéjọ pé ṣé òkú ni wọ́n ń dúró dè.

Ohun tí Bádéjọ kò mọ̀ ni pé ọkọ̀ ojú irin ni Dókítà Ilham wọ̀ wá. Ó sọ̀ ní Rigasa, ó gun kẹ̀kẹ́ Napep, ó dé ẹnu géètì ní aago mẹ́wàá kọjá pẹ̀lú báàgì kékeré kan. Obìnrin kúkúrú ni, ó wé ìborí aláwọ̀ eérú, kò jọ ẹni ńlá rárá.

"Babu shiga, Hajiya," ni Mahmud wí fún un. Kò sí wíwọlé, ó di ìgbà tí ọ̀gá bá dé. "Ẹ lọ jókòó pẹ̀lú àwọn ìdílé lábẹ́ igi."

Dókítà Ilham wo abẹ́ igi, ó wo Mahmud. "Àwọn ìdílé wo?"

"Ti Wọ́ọ̀dù Kẹta. Wọ́n lé wọn síta nítorí àlejò kan tó ń bọ̀ láti Abuja."

Obìnrin náà kò jiyàn. Ó lọ jókòó létí ẹní Ìyá Rodiyah, ó jẹ nínú tùwó rẹ̀, fún odindi wákàtí méjì ló sì fi gbọ́ gbogbo ohun tí Bádéjọ ìbá sanwó kí ó má gbọ́.

Nígbà tí Bádéjọ padà dé, inú rẹ̀ ń hó. Mahmud ṣí géètì, ó ké igbe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọkọ̀ ọ̀gá kọjá, eruku sì bo àwọn tó wà lábẹ́ igi. Ó ní kí Sista Veronica àti àwọn nọ́ọ̀sì tò sí ẹnu ọ̀nà ńlá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn òpó olódòdó, bóyá àlejò á ṣì wá. Òun fúnra rẹ̀ lọ yẹ àwọn ọkọ wò.

Wọ́n jókòó lóòótọ́, káfútáánì funfun mọ́kàndínlógún. Eyín ń tàn. Wọ́n ti kọ ẹ̀jẹ̀ aboyún kọ̀ọ̀kan sára ògiri lókè orí rẹ̀, gbogbo wọn jẹ́ méjìdínlọ́gọ́fà. Nọ́ọ̀sì tuntun náà ti ṣe bí wọ́n ṣe pàṣẹ fún un. Inú Bádéjọ rọ̀ díẹ̀. Ó dé bẹ́ẹ̀dì keje, ó dúró.

"Kí ló dé tí obìnrin yìí kò rẹ́rìn-ín?"

Ọkọ tí wọ́n yá fún Raheemat ń jẹ́ Ọládàpọ̀, arẹwà ọkùnrin tó ń pe èrò sí mọ́tò Zaria ní gáréèjì. "Ó ní orí ń fọ́ òun láti àárọ̀, ọ̀gá," ó wí, síbẹ̀ ó ń rẹ́rìn-ín bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. "Ó tún ní òun ń rí iná."

"Iná wo? Láti àná ni wọ́n ti mú iná lọ." Bádéjọ tẹ̀ sí Raheemat. "Ìyàwó, ẹ bá mi fi orí fífọ́ yẹn pamọ́ díẹ̀. Bí àlejò bá ti lọ, ẹ lè máa bá a lọ."

Nígbà tó ń sọ èyí fún wa ní ìpàdé, ó fi ìka kan ètè ara rẹ̀. Ó ní, "Ẹnu mi yìí ló sọ ọ́." A retí kó rẹ́rìn-ín, kò rẹ́rìn-ín.

Ní ojú fèrèsé, ẹnì kan ń pe orúkọ. Abdulganiyu ló ti fo ọgbà, ó di irin fèrèsé mú. "Raheemat! Raheemat, wo ibí, dá mi lóhùn!" Raheemat yí orí díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí oorun ń kùn. Abdulganiyu wo ojú ìyàwó rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ké ní Yorùbá, ní Hausa, ní èdè òyìnbó, pé kí wọ́n pe Sista.

Dókítà Ilham gbọ́ igbe náà, ó dìde lórí ẹní. "Ṣí géètì," ó wí fún Mahmud.

"Ó di ìgbà tí ọ̀gá bá sọ."

Ìyá Rodiyah lọ dúró níwájú Mahmud. Kò pariwo. "Mahmud, ɗana," ó wí ní Hausa, "kai ma mace ce ta haife ka." Ọmọ mi, obìnrin ló bí ìwọ náà.

Mahmud ṣí géètì.

Bí wọ́n ṣe wọ wọ́ọ̀dù, ara Raheemat le gbagidi, ojú rẹ̀ yí sókè, gìrì sì mú un. Bẹ́ẹ̀dì bẹ̀rẹ̀ sí í lu ògiri. Ọládàpọ̀ fò sórí àga, ó ká káfútáánì dé itan.

"Kì í ṣe ìyàwó mi o!" ó ké. "Ẹ gbà mí! Wallahi, n kò mọ̀ ọ́n rí, mọ́tò Zaria ni mò ń pe èrò sí!"

Káfútáánì méjìdínlógún yòókù gba ẹnu ọ̀nà lọ lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ta ló jẹ́ kí àwọn wọ̀nyí wọlé?" ni Bádéjọ ń bèèrè, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó wò ó. Sista Veronica ti sáré dé. Òun àti obìnrin kúkúrú náà kò kí ara wọn. Wọ́n dojú kọ iṣẹ́ bí ẹni tó ti jọ ń ṣe é fún ọdún mẹ́wàá. Wọ́n dà á sí ẹ̀gbẹ́ òsì. Wọ́n nu ẹnu rẹ̀. Sista gún un lábẹ́rẹ́ tó ń pa gìrì, Dókítà Ilham sì fa omi sí i lọ́wọ́.

"Òpó omi dà?"

"Wọ́n wà lẹ́nu ọ̀nà," ni Sista wí. "Wọ́n so òdòdó mọ́ wọn."

Dókítà Ilham gbójú sókè, ó wá ẹni tó ga jù nínú yàrá, ó sì rí i. "Ẹ̀yin bàbá yìí, ẹ di èyí mú. Ẹ gbé e ga ju orí yín lọ. Ẹ má sọ̀rọ̀, ẹ má sọ ọ́ kalẹ̀."

Bádéjọ ṣí ẹnu kó sọ ẹni tí òun jẹ́, ṣùgbọ́n ike omi ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀dì sì ti ń yí lọ sí yàrá iṣẹ́ abẹ. Ó di dandan kó sáré. Abdulganiyu di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú ní ẹ̀gbẹ́ kan, ọ̀gá àgbà gbé omi sókè ní ẹ̀gbẹ́ kejì, fìlà rẹ̀ bọ́, wọ́n tẹ̀ ẹ́ kọjá. "Gíga, bàbá, gíga!" ni Dókítà Ilham ń wí. Levi yọ ní ìkóríta, ó rí ọ̀gá rẹ̀ tó ń sáré bọ̀, ẹnu rẹ̀ sì yá ju ọpọlọ rẹ̀ lọ. "Ìlera ń bọ̀!" ó ké. "Ẹ dìde fún ìlera!"

Bádéjọ sọ fún wa pé ọdún mọ́kànlá tí òun fi ṣe ọ̀gá níbẹ̀, iṣẹ́ kan ṣoṣo tí òun fi ọwọ́ ara òun ṣe nìyẹn. Kò mọ ibi tí yóò kọjú sí, ó bá ń wo ẹsẹ̀ Raheemat. Wọ́n ti kun ún ní lááli, lááli náà ti parẹ́ dé ìdajì èékánná. Ó ní ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sí òun lọ́kàn pé ẹnì kan ló kun ún fún un, ẹni náà jókòó, ó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ lé itan.

Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún Raheemat. Ọmọbìnrin ni wọ́n gbé jáde, kò tó kílò kan ààbọ̀, ó ké bí ọmọ ológbò. Ìyá rẹ̀ kò la ojú títí di ọ̀sán ọjọ́ kejì, nígbà tó sì là á, ojú Ìyá Rodiyah ló kọ́kọ́ rí.

Dókítà Ilham bá Bádéjọ níbi tó jókòó sí lórí àtẹ̀gùn láìdé fìlà.

"Mo gbọ́ pé ẹ dúró dè mí ní Gonin Gora, sà."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Dókítà. A mú òdòdó dání."

"Ẹ ṣeun. Àwọn tí mo wá wò wà lábẹ́ igi." Ó gbé báàgì rẹ̀, ó lọ bá Sista Veronica.

Ìyókù kò pẹ́. Wọ́n gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀. Bádéjọ kọ ìwé àwíjàre olójú ewé mẹ́rìndínlógún, mẹ́rìnlá nínú rẹ̀ jẹ́ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀. Levi ló kọ́kọ́ jẹ́rìí, ó ní àìmọye ìgbà ni òun kìlọ̀ fún un. Wọ́n yọ ọ́ nípò, wọ́n ní kó lọ máa to fáìlì ní ilé ìtọ́jú kékeré kan ní Makera, nínú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ògiri. Àwa ẹgbẹ́ ńkọ́? Ìpàdé tó tẹ̀lé e la ti pè é ní Ọ̀gbẹ́ni. Mo rántí ẹni tó kọ́kọ́ pè é bẹ́ẹ̀, nítorí pé èmi ni. Àwọn àga padà sí Wọ́ọ̀dù Kẹta, wọ́n sì fi Sista Veronica sí ipò tó ti lè ránṣẹ́ sí àwọn ilé ìwòsàn mìíràn pé kí àwọn náà wá àga.

Fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, Bádéjọ kò rí oorun sùn lóru. Ìyàwó rẹ̀ ló sọ fún un nígbẹ̀yìn pé, "Bí ẹ ò bá lè sùn, ẹ lọ bẹ àwọn ènìyàn yẹn. Èmi kọ́ ni ẹ ṣẹ̀."

Ó lọ sí Television ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló kọjá níwájú ilé náà kó tó kan ilẹ̀kùn. Abdulganiyu ti lọ bá oníbàárà tún ẹ̀rọ ṣe, Raheemat ń wẹ̀ lẹ́yìn ilé. Ìyá Rodiyah nìkan ló wà ní pálọ̀, ó fi ọ̀já gbá ọmọ mọ́ àyà ní ìhòòhò, awọ kan awọ, bí Sista Veronica ṣe kọ́ wọn, kí òtútù má bàa mú un. Ó mọ Bádéjọ lójú ẹsẹ̀.

Bádéjọ dọ̀bálẹ̀. Ó ti to ọ̀rọ̀ jọ láti ilé. "Màmá, èmi tí ẹ ń wò yìí, ẹni tí ìgbéraga—"

"Ẹ dìde," ni Ìyá Rodiyah wí. "Wọ́n ti pe ìrun, àkókò sì ń lọ. Ẹ bọ́ ẹ̀wù yín."

"Màmá?"

"Ẹ bọ́ ẹ̀wù, kí ẹ gbà á kí n lè kírun. Kò gbọdọ̀ tutù. Ẹ fi etí rẹ̀ sí àyà yín, ẹ má mira."

Bádéjọ bọ́ ẹ̀wù, ó bọ́ síńgílẹ́ẹ̀tì. Ó jókòó sórí ìjókòó aláwọ̀ ewé, ikùn níta, Ìyá Rodiyah sì gbé ọmọ lé e láyà, ó fi ọ̀já dì í, ó lọ ṣe àlùwàlá. Ọmọ náà kò wúwo tó ẹyẹlé. Ó yán, ó fi ọwọ́ kékeré wá nǹkan dìmú, ó sì rí irun àyà Bádéjọ. Ó dì í mú ṣinṣin. Omi bọ́ lójú ọ̀gá àná, kò sì lè nu ún nítorí wọ́n ní kó má mira.

Aládùúgbò kan yọjú láti yá iyọ̀, ó rí bàbá ńlá tó jókòó ní ìhòòhò àyà, ó fi ariwo bọnu.

"Ẹ rọra," ni Bádéjọ wí pẹ̀lú ohùn tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí, ohùn jẹ́jẹ́.

Ó pẹ́ kí Ìyá Rodiyah tó ṣe sàlámà. Ó dà bíi pé ó mọ̀ọ́mọ̀ fa àdúrà rẹ̀ gùn ni. Nígbà tó dé, ó rí i pé ọmọ ti tọ̀, ó ti ṣàn gba ikùn Bádéjọ dé orí ṣòkòtò rẹ̀ tuntun.

"Ẹ̀ẹ̀! Ó ti tọ̀ sí yín lára. Ẹ mú un wá, ẹ mú un wá."

Bádéjọ mi orí. "Ẹ jọ̀ọ́, Màmá," ó wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "ẹ fi í sílẹ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn ni."